NephroCheck, tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín kó tó kú: ibi tó ti wúlò àti ibi tó kù sí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Nínú gbogbo tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń tà fún ICU, ìyẹn yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ní hosipítù, ọ̀kan wà tí àwọn kan ń gbé gẹ̀gẹ̀ tí àwọn kan sì ń sọ pé owó ṣòfò lásán ni, òun ni NephroCheck. Ìtọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó sọ fún ẹ bóyá kíndìnrín aláìsàn tó wà níwájú ẹ yìí fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wákàtí 12 tó ń bọ̀. Èmi wà lẹ́yìn ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀, màá sì sọ ìdí ẹ̀ dáadáa, àmọ́ màá tún sọ ibi tó kù sí torí mi ò fẹ́ kí hosipítù kankan rà á tán kí wọ́n wá máa ju máṣíìnì ẹ̀ sí kọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá ṣe ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ creatinine, torí òun ni gbogbo ayé ń lò, àléébù tiẹ̀ náà ló sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa wá nǹkan míì kiri. Creatinine jẹ́ ìdọ̀tí tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló ń fọ̀ ọ́ jáde, tó bá ti ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa mọ̀ pé fífọ̀ yẹn ti dínkù. Ìlànà KDIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín, ti 2012 tí à ń tẹ̀ lé sọ pé tó bá fi 0.3 mg/dL gòkè láàárín wákàtí 48, tàbí tó di ìlọ́po 1.5 iye tó wà tẹ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ 7, tàbí tí ìtọ̀ ò bá tó 0.5 mL fún kílò kan ní wákàtí kan fún odindi wákàtí 6, AKI ti dé nìyẹn, kíndìnrín ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Kò burú. Àmọ́ èèyàn lè pàdánù bí ìdajì agbára kíndìnrín ẹ̀ kí creatinine tó mira, ó tún máa ń gba bí ọjọ́ kan sí méjì kó tó gòkè débi tójú máa rí i, ẹni tí iṣan ẹ̀ ti gbẹ torí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í tiẹ̀ ṣe creatinine púpọ̀ mọ́, ẹni tí wọ́n sì ti da omi rẹpẹtẹ sí lára, omi yẹn ti là á kò sì ní hàn bó ṣe yẹ kó hàn. Ìgbà tí làbù bá fi máa pè ẹ́ pé creatinine ti gòkè, omi ti tẹ́yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti kú, àwọn míì sì ti já sínú ìtọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bóyá tẹ́ẹ̀sì tó ń sọ pé òun rí nǹkan ṣáájú àsìkò yẹn wúlò, ó di dandan kẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kíndìnrín fúnra ẹ̀. Kíndìnrín méjèèjì tá a bá kó wọn pọ̀, wọn ò pé ìdá kan nínú 100 ìwọ̀n ara èèyàn, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 20 sí 25 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń lọ bá wọn. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á ní kí ló tún kù, ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù fún wọn. Rárá o. Apá òde ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, apá inú tí wọ́n ń pè ní medulla ń fi díẹ̀ gbéra ni, ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ lè má ju 10 sí 20 mmHg lọ nígbà tí ara le koko pàápàá, ká má tíì wá sọ ìgbà tí ìfúnpá bá já wálẹ̀. Ibẹ̀ gan-an, ní ẹnu ibi tí medulla ti bẹ̀rẹ̀, ni apá ìkẹyìn proximal tubule wà, ìyẹn ọ̀nà tín-ín-rín tí omi tí kíndìnrín sẹ́ kọ́kọ́ ń gbà kọjá, wọ́n ń pe apá ìkẹyìn yẹn ní S3. Proximal tubule yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù nínú ilé yẹn: nínú nǹkan bíi lítà 180 omi tí kíndìnrín ń sẹ́ lójúmọ́, òun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù padà, iyọ̀, ṣúgà, amino acid, protein kéékèèké, gbogbo ẹ̀ ni. Mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀rá ni wọ́n sì ń jó láti fi rí agbára, tí ọ́síjìn ò bá sí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jó ṣúgà lásán kó fi gbẹ́mìí ró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí sepsis bá dé, ìyẹn kí kòkòrò àìsàn da gbogbo ara rú, tàbí wọ́n fi aláìsàn sórí máṣíìnì ọkàn nígbà iṣẹ́ abẹ, tàbí oògùn bíi gentamicin àti cisplatin bá pọ̀ lára, ibẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń pariwo.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ẹ fara balẹ̀ wò ó. ATP, èròjà tó ń gbé agbára fún sẹ́ẹ̀lì, á já wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn irun tín-tìn-tín tó wà lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n fi ń gba nǹkan wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Pọ́ǹpù tó ń ti sodium jáde, tó jẹ́ pé ìdí sẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó wà, á ṣí kúrò lójú ẹ̀, òmíì á bá ara ẹ̀ lókè, kò ní mọ ibi tó yẹ kó ti iyọ̀ sí mọ́. Calcium á ya wọlé. Ohun tó so sẹ́ẹ̀lì mọ́ ilẹ̀ tó dúró lé á tú, sẹ́ẹ̀lì náà á sì jábọ́ sínú ọ̀nà ìtọ̀, ìgbà míì kò tíì kú pàápàá, á lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti jábọ́, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á dí ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá fi ìtọ̀ ẹni bẹ́ẹ̀ sábẹ́ máíkróskóòpù ẹ máa rí nǹkan gígùn kúlúmọ́ kan tó ní àwọ̀ ẹrẹ̀, tó ṣe hóró-hóró. Òkú sẹ́ẹ̀lì ló ń bẹ níbẹ̀ o, ìyẹn là ń fi ojú rí.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì tí ìnira bá bá ló ń kú, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Sẹ́ẹ̀lì mọ bó ṣe ń jà fún ẹ̀mí ara ẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ tó ti bàjẹ́ kó lè rí agbára níbẹ̀, autophagy nìyẹn, iṣẹ́ tí Yoshinori Ohsumi gba Nobel lé lórí ní 2016. Ó lè dín protein tó ń ṣe kù nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ bá ti ń wọ́ tí kò ká dáadáa. Ó sì lè dá pípín ara ẹ̀ sí méjì dúró, á dúró sí G1, ìpele àkọ́kọ́ nínú pípín yẹn, kò ní lọ síwájú, torí sẹ́ẹ̀lì tí DNA ẹ̀ ti fara gbọgbẹ́ tí agbára ẹ̀ sì ti tán, tó bá ní òun fẹ́ pín ara òun, á kú ni. Tí ìnira yẹn bá lọ kúrò lásìkò, sẹ́ẹ̀lì á padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí kò bá lọ, ikú ló kàn.

Ikú náà ò wá jẹ́ oríṣi kan! Nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́, méjì ni wọ́n kọ́ wa, apoptosis tí Kerr, Wyllie àti Currie sọ lórúkọ ní 1972, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ká ara ẹ̀ kò jẹ́jẹ́ tí kì í da ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti necrosis tó jẹ́ bíbẹ́ lásán. Ọ̀rọ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀ o. Necroptosis wà, protein RIPK1 àti RIPK3 á pe protein míì, MLKL, MLKL á lọ dá ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì, gbogbo ohun tó wà nínú á tú síta, ogun ara á sì dìde sí i. Pyroptosis wà, protein gasdermin D ló ń dá ihò ní tiẹ̀. Èyí tó wá ń yà mí lẹ́nu jù ni ferroptosis tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lórúkọ ní 2012: irin inú sẹ́ẹ̀lì á máa mú kí ọ̀rá tó yí sẹ́ẹ̀lì ká bàjẹ́, protein GPX4 jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń dá a dúró, ní 2014 wọ́n sì fi hàn pé eku tí wọ́n yọ GPX4 lára ẹ̀, kíndìnrín ẹ̀ ló kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀ tó sì pa á. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn míì fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tubule kì í dá nìkan kú báyìí, odindi tubule lè kú tẹ̀ léra, ikú á máa ràn láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì bí iná ṣe ń ran koríko gbígbẹ. Ẹ wá ronú nípa ẹni tí ilé wó lé mọ́lẹ̀, tí iṣan ẹ̀ fọ́, tí myoglobin, protein inú iṣan tó kún fún irin, ń ya wọ kíndìnrín ẹ̀. Bywaters àti Beall ṣàpèjúwe irú àwọn èèyàn yẹn ní London ní 1941 lásìkò tí bọ́ǹbù ń já lulẹ̀, wọ́n yọ wọ́n láàyè lábẹ́ àlàpà, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ìtọ̀ ò jáde mọ́. Ní báyìí a ti ń mọ ohun tí irin yẹn ń ṣe níbẹ̀.

Ó dáa, tẹ́ẹ̀sì wa ńkọ́? Astute Medical ní San Diego ló ṣe é, FDA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń yẹ oògùn àti tẹ́ẹ̀sì wò, fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án 2014, bioMérieux ti ilẹ̀ Faransé sì ra ilé iṣẹ́ náà ní 2018. Protein méjì ló ń wá nínú ìtọ̀, TIMP-2 àti IGFBP7, àwọn méjèèjì ló jẹ mọ́ dídúró sí G1 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọn ò kàn dédé mú méjì yìí o. Wọ́n yẹ ohun tó lé ní 300 wò kí wọ́n tó rí wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé wọn lọ sí ìwádìí Sapphire tó jáde ní 2013, pẹ̀lú aláìsàn 728 tí ara wọn ò yá gan-an, àwọn méjì yìí sì lé NGAL àti KIM-1 sẹ́yìn, ìyẹn protein míì tí wọ́n fi ń wá ìpalára kíndìnrín. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún wa, ẹnì kan ló kàn fẹ́ràn protein kan tó wá ń wá ibi tó máa lò ó sí.

Lílò ẹ̀ ò le. Wọ́n á gba ìtọ̀ tútù, wọ́n á fi sí centrifuge kó yí kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fa díẹ̀ lókè, wọ́n á pò ó mọ́ èròjà tó wà nínú ìgò kékeré tó bá a wá, wọ́n á kán an sínú káàtíríìjì, wọ́n á ti káàtíríìjì yẹn bọ máṣíìnì tí wọ́n ń pè ní Astute140, á sì gbé nọ́ńbà kan jáde. Gbogbo ẹ̀ ò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ńbà ẹyọ kan ni, ó ti sọ protein méjèèjì di ìlọ́po ara wọn ó sì ti fi 1000 pín in, ẹ ò ní ṣírò nǹkan kan fúnra yín. Ìyẹn dáa gan-an, pàápàá lóru tí nọ́ọ̀sì ò pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún ni pé tí albumin bá pọ̀ jù nínú ìtọ̀, tàbí bilirubin, nọ́ńbà yẹn lè ṣini lọ́nà, torí náà ẹni tí ojú ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ torí àìsàn ẹ̀dọ̀, tàbí tí protein ti ń ṣàn nínú ìtọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi gbogbo ara gbé e lé nọ́ńbà tiẹ̀.

Nọ́ńbà méjì lẹ máa mọ̀: 0.3 àti 2.0. Tí ó bá kọjá 0.3 wọ́n á ní ewu wà. Nínú ìwádìí Topaz, tó ní aláìsàn 420, 0.3 yìí mú 92 nínú 100 àwọn tí AKI líle dé bá láàárín wákàtí 12, àmọ́ nínú àwọn tí nǹkan kan ò ṣe, 46 péré nínú 100 ló dá sílẹ̀, àwọn tó kù ló pè ní eléwu nígbà tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: nínú mẹ́rin tó bá gòkè, bí ẹyọ kan ló ń já sí AKI líle ní tòótọ́. Ẹni tó bá kéré sí 0.3 ńkọ́? Ọkàn yín lè balẹ̀ dáadáa fún wákàtí 12 yẹn, torí nǹkan bí 96 nínú 100 irú wọn kì í ní in. Ibi tí mo ti rí iyì tẹ́ẹ̀sì yìí gan-an nìyẹn, kì í ṣe níbi tó ti ń pariwo ìjà, níbi tó ti dákẹ́ ni. 2.0 ní tiẹ̀, ẹni tó bá kọjá ẹ̀ ẹ má jáfara rárá, torí ó ṣọ̀wọ́n kó pe ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, àmọ́ ó ń fo ju ìdajì àwọn tí AKI máa dé bá lọ, nítorí náà kò ṣe é fi dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìbéèrè tí gbogbo dọ́kítà máa ń bi mí ni pé tá a bá wá mọ̀, kí la fẹ́ ṣe sí i? Ìbéèrè tó tọ́ ni, torí kò sí oògùn kankan tá a máa fún sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín pé kó má kú. Ohun tó wà ni pé ká má dá kún ìnira ẹ̀. Ìwádìí PrevAKI tí wọ́n ṣe ní Münster, ní Jámánì, tó jáde ní 2017, mú aláìsàn 276 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún tí nọ́ńbà wọn kọjá 0.3, wọ́n fi ìdajì sọ́wọ́ ìtọ́jú tó wà nílẹ̀, ìdajì kejì wọ́n tẹ̀ lé gbogbo ìmọ̀ràn KDIGO fún wọn láìfo ọ̀kan: wọ́n ṣọ́ ìfúnpá àti ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú dáadáa, wọ́n dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní ACE inhibitor àti ẹgbẹ́ ẹ̀ dúró, wọ́n yẹra fún gbogbo oògùn tó lè pa kíndìnrín lára àti oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn kí àwòrán inú ara lè hàn kedere, wọn ò jẹ́ kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ga. Àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí, 55.1 nínú 100 ló ní AKI, àwọn yòókù 71.7. Wọ́n tún un ṣe láwọn hosipítù míì, èyí jáde ní 2021, iye àpapọ̀ AKI ò yàtọ̀ níbẹ̀, àmọ́ AKI tó le díẹ̀ sókè já wálẹ̀ láti 23.9 sí 14.0 nínú 100. Kò tíì hàn níbẹ̀ pé ikú dínkù tàbí dáyálísíìsì (fífi máṣíìnì fọ ẹ̀jẹ̀) dínkù o, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Síbẹ̀ èmi gbà á pé èrè ni, torí AKI líle kì í kàn lọ bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dúró gbọin sí G2/M, ìpele tó wà lẹ́yìn G1 nínú pípín sẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn ìjìyà kì í padà sí bí wọ́n ṣe wà, wọ́n á máa tú ohun tó ń dá àpá sílẹ̀, ibẹ̀ ni àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ń yọ́ wọlé.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí oògùn olówó ńlá kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe yẹn. Gbogbo ẹ̀ ló ti wà nílẹ̀, kí tẹ́ẹ̀sì tó dé. Ohun tí tẹ́ẹ̀sì yẹn ṣe ni pé ó tọ́ka sẹ́ni tó yẹ kí gbogbo èèyàn gbájú mọ́, ó sì tọ́ka sí i ṣáájú creatinine. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ pé hosipítù tí kò bá tíì ní ètò pé nọ́ńbà gòkè, ẹni báyìí á ṣe báyìí, wọ́n kàn ń fi owó wọn ra àníyàn ni. Tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sínú fáìlì tí ibuprofen, oògùn ìrora tó lè pa kíndìnrín lára, sì ṣì wà nínú ìwé oògùn aláìsàn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wá ni wọ́n rà á fún?

Ó kù àwọn ibi tó ń dùn mí. Àkọ́kọ́, ìtàn tí wọ́n fi ń ta á pé sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ìnira ló ń ṣe TIMP-2 àti IGFBP7 tó pọ̀ tí a sì ń rí i nínú ìtọ̀, ìtàn yẹn ò dúró déédéé mọ́. Ní 2018 ìwádìí kan lórí eku jáde tó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń wá látinú pé kíndìnrín ń sẹ́ ẹ sí i, proximal tubule tó fara pa ò gbà á padà mọ́, sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ sì ń jò, kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì jókòó ó ń ṣe púpọ̀ sí i. Ṣé ìyẹn wá sọ tẹ́ẹ̀sì náà di aláìwúlò? Ó tì o, nọ́ńbà yẹn ṣì ń sọ òtítọ́ nípa ewu. Àmọ́ ó yẹ kí àwọn tó ń tà á dẹ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìnira sẹ́ẹ̀lì, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nígbà tí nọ́ńbà fi gòkè, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti kọjá ìnira lọ. Èyí kan mí gan-an torí gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé ó máa ń ṣáájú ikú.

Èkejì, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. FDA fọwọ́ sí i fún ẹni tó ti lé ní ọdún 21, tó wà ní ICU, tí ọkàn ẹ̀ tàbí mímí ẹ̀ ti dààmú láàárín wákàtí 24 tó kọjá. Ẹni tó rìn wọlé fúnra ẹ̀ pé ìbàdí ń dun òun, kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọdé, kì í ṣe tiẹ̀, àwọn ọmọdé ti ní NGAL tiwọn tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2023, láti ọmọ oṣù mẹ́ta dé ọdún 21. Ẹni tí AKI ti hàn lára ẹ̀ kedere náà, kí lẹ tún fẹ́ fi mọ̀? Nínú irú ẹni yẹn mo fẹ́ràn furosemide stress test jù, ẹ fún un ní furosemide, oògùn tó ń mú kí ìtọ̀ jáde, 1.0 sí 1.5 mg fún kílò kan, ẹ jókòó ti àpò ìtọ̀, tí ìtọ̀ ò bá tó 200 mL láàárín wákàtí méjì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ìyẹn ń bi tubule léèrè tààrà pé ṣé o ṣì lè ṣiṣẹ́, kò sì ní káàtíríìjì nínú.

NICE, àjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dámọ̀ràn ohun tí hosipítù ìjọba wọn máa lò, náà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú àwọn NGAL ní 2020, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tíì tó fún wọn láti ní kí wọ́n máa lò ó. Mo mọ̀ pé inú ń bí àwọn kan sí ìpinnu yẹn. Èmi ò bá wọn bínú, torí ẹni tó ń náwó ìlú gbọ́dọ̀ rí i pé ẹ̀mí ń gùn sí i tàbí dáyálísíìsì ń dínkù, a ò sì tíì rí ìyẹn kedere. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ADQI, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ lórí AKI, sọ pé ó yẹ ká máa pe ẹni tí àmì inú ìtọ̀ ẹ̀ ti gòkè tí creatinine ẹ̀ ò tíì mira ní ìpele 1S. Mo fẹ́ràn 1S yẹn gan-an ni. Ó fi àwọn aláìsàn tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀ sí ojú ìwé, nọ́ọ̀sì lè sọ ọ́ nígbà tó bá ń gbé iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì míì, gbogbo èèyàn á mọ̀ pé ká má fi gentamicin kún tẹni yìí.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ rà á, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí níbẹ̀ a mọ wákàtí tí kíndìnrín fara gbá nǹkan, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí i ni ká ṣe tẹ́ẹ̀sì, kálukú ti mọ ohun tó kàn. Lẹ́yìn náà màá lò ó fún sepsis, àmọ́ níbẹ̀ àkókò ò ṣe tààrà, èèyàn lè ti wà nílé lọ́jọ́ mẹ́ta kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ò sì mọ ibi tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ dé nínú ìrìn àjò yẹn. Fún ẹlòmíràn, mi ò ní lò ó.

Stáà mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ̀karùn-ún tí mo dì mú, ìdí ẹ̀ nìyí: nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń fún wa, kò sì sọ irú ikú tí sẹ́ẹ̀lì yẹn ń lọ kú. Ṣé ferroptosis ló ń bọ̀ ni tàbí necroptosis, ṣé irin ló ń dààmú ẹ̀ ni tàbí àìsí ọ́síjìn, gbogbo wọn ni 0.3 ń kó pọ̀. Lára eku, nǹkan tó ń dá ferroptosis dúró wà, èyí tó ń dá RIPK1 dúró náà wà, tí wọ́n bá sì máa wúlò fún èèyàn lọ́jọ́ kan a gbọ́dọ̀ mọ ẹni tá a máa fún ní èwo, ní wákàtí wo. Tẹ́ẹ̀sì tó bá lè sọ ìyẹn látinú ìtọ̀ lóru, láàárín ogún ìṣẹ́jú, màá fún un ní gbogbo stáà tó wà.